Ìlú Tó Dáwọ́ Èènì Dúró: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Ìbí Ọgọ́ta Ọdún Kan ní Las Vegas

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí pé ọgọ́ta ọdún ní October 2025. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Houston ló sì ń gbé láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń bá òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ìrìn-àjò: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ tí yóò máa gbé wọn kiri. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí. Ó gbà kí n kọ ọ́. Ó ní kí n ṣáà má fi fọ́tò òun sí i.

Àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ti ń bi ara wa léèrè láti ọdún tó kọjá bóyá adùn Las Vegas ti ń tán. Àwọn kan ní ìlú náà ti kú, àwọn kan ní ariwo lásán ni. Ìrìn-àjò kan ṣoṣo kò lè parí irú iyàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí jẹ́ kí n rí ojú egbò náà gan-an, mo sì jẹ̀bi nínú rẹ̀ níbì kan tí n kò ní fi pa mọ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀

January 2025 ló pè mí. "Ibi tí a ti ṣe àádọ́ta ni mo fẹ́ padà sí." Èmi náà ni mo ṣètò ti àádọ́ta yẹn, ní 2015, fún ogójì èèyàn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. A gbé ọkọ̀ sí abẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, a kò san kọ́bọ̀ fún páàkì. Láàárọ̀, ibi oúnjẹ tí èèyàn ti ń sanwó lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì máa bù títí yóò fi yó ni àwọn èèyàn wa ń jókòó sí di ọ̀sán. Lálẹ́, a lọ dúró níwájú òtẹ́ẹ̀lì Mirage, níbi tí wọ́n ti ṣe òkè ayọnáyèéfín tó ń tu iná sókè, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdánù owó sí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń ròyìn rẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀ nílé.

Ẹni tó bá ra gàrí lọ́wọ́ ìyá kan, tí ìyá náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni yóò padà sí lọ́jọ́ mìíràn, bí gàrí rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n. Èènì nìyẹn. Orí èènì ni wọ́n kọ́ Las Vegas lé. Nevada sọ tẹ́tẹ́ di ohun tí òfin fàyè gbà ní 1931. El Rancho Vegas, òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà tó padà di Strip, òpópónà àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ìlú náà, ṣí ní 1941, Flamingo sì ṣí ní 1946. Láti ìgbà náà, ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń lò: kí yàrá pọ́ọ́kú, kí oúnjẹ pọ́ọ́kú, kí ọtí dé ọwọ́ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ láìsanwó. Tábìlì tẹ́tẹ́ ni yóò kó gbogbo rẹ̀ padà. Àlejò mọ̀ pé wọ́n ń jẹ òun, ṣùgbọ́n wọ́n ń bu èènì sí i fún un.

Orúkọ méjìléláàádọ́rin ló kọ́kọ́ fún mi. Wọ́n wá láti Houston àti Dallas, láti Maryland, láti London, láti agbègbè Toronto, àwọn méje sì ń bọ̀ láti Nàìjíríà. A gba yàrá 36 fún òru mẹ́ta. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ̀ka kan wà tí àwọn oníbàárà kì í fẹ́ kà: bí yàrá tí a lò bá dín sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àwa ni a ó san owó àwọn tó ṣófo. Ìyẹn ni pé a kò gbọdọ̀ lò kéré sí 29. Mo bẹ obìnrin tó ń ta yàrá fún òtẹ́ẹ̀lì náà pé kó dín ìdá yẹn kù. Ó kọ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìlú kún ní January.

Mo wá ṣe káàdì ìpè sórí WhatsApp. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé dọ́là 149 ni yàrá lóru kan.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Irọ́ kọ́ ni mo pa, nítorí iye tó wà lójú ìwé àdéhùn ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 149, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní resort fee, dọ́là àádọ́ta lóru, bóyá èèyàn lo adágún ìwẹ̀ wọn o, bóyá kò lò ó. Owó orí tó lé ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tún ń bẹ lórí méjèèjì. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 225. Mo mọ̀ ọ́n. Bí gbogbo wa ṣe ń polówó ọjà nìyẹn láti ọdún gbọọrọ: iye kékeré lójú pátákó, ìyókù ní orí káńtà. Mo rò pé ó ti mọ́ àwọn èèyàn lára.

Bí yàrá ṣe ń ṣófo

Kánádà ló kọ́kọ́ já. Ààrẹ Trump ti ń sọ láti òpin 2024 pé kí orílẹ̀-èdè wọn wá di ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta fún Amẹ́ríkà, ó sì tún gbé owó orí lé ọjà wọn. Àbúrò ọlọ́jọ́ìbí tó ń gbé Brampton pè mí ní March. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, mo ti ń mú ìṣirò jáde. Ó dá mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe owó. N kò ní gbé owó mi wọ ilé ẹni tó ń bú ilé mi." Ọmọ Yorùbá tó gba ìwé ọmọ onílùú Kánádà ní ọdún mẹ́fà péré sẹ́yìn ló ń sọ báyìí o. Yàrá mẹ́fà lọ. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè òkèèrè, Kánádà ló ń rán àlejò jù lọ sí Las Vegas, nítorí náà kì í ṣe òde tiwa nìkan ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń dé bá.

Èkejì ni ó dùn mí jù. Láti 12 May 2025, òfin àjọ FTC, àwọn tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà, mú un ní dandan kí òtẹ́ẹ̀lì kọ àpapọ̀ iye owó síta láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má fi resort fee pa mọ́ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Òfin tó dára ni. Lọ́jọ́ kẹta sí i, ẹnì kan lára àwọn tí a pè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí 225 níbi tí èmi ti kọ 149, ó sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. "Aṣètò wa ti fowó lé e o." Kí n tó jí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ọgọ́rùn-ún ó lé. Mo ṣàlàyé. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé iye owó lẹ́yìn tí wọ́n ti fi olè pè é, ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí. Ìdílé mẹ́ta yọ ara wọn kúrò.

Lẹ́yìn náà ni ti físà. Ní 8 July 2025, Amẹ́ríkà kéde pé físà tí àwọn yóò máa fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò ní ju ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, oṣù mẹ́ta ni yóò sì fi wúlò. Àwọn tó ti ní físà tẹ́lẹ̀ kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọlọ́jọ́ìbí, tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò tíì ní. Bí ó bá tètè gbà á, físà náà lè kú kí ọjọ́ òde tó pé. Bí ó bá pẹ́ kó tó gbà á, ó lè má bá wa. Ìyá náà lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní kí á gba àdúrà fún òun, kí á sì fi aṣọ ẹbí òun ránṣẹ́. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. A wá ku yàrá 25.

Bí a bá fi ìwé àdéhùn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yàrá mẹ́rin ni a ó san owó rẹ̀ lófo fún òru mẹ́ta, ó lé ní 2,700 dọ́là. Lọ́rùn obìnrin tó fẹ́ dúpẹ́ pé òun pé ọgọ́ta.

August

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, ohun tó yí i padà kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Àjọ LVCVA, tó ń rí sí àlejò àti ìpàdé ní Las Vegas, máa ń gbé iye àlejò jáde lóṣooṣù, ó wà ní gbangba, kò sí ẹni tí kò lè kà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà á. Ìròyìn ti June 2025 fi hàn pé àlejò bíi 3.09 mílíọ̀nù ló wá, ó fi ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti June 2024. Mo fi í ránṣẹ́ sí obìnrin tó kọ̀ fún mi ní January. N kò fi ọ̀rọ̀ gígùn tẹ̀ lé e. Mo kàn kọ pé èèyàn 49 ṣì ń bọ̀ dájúdájú, mo sì béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe kí wọ́n má bàa lọ síbòmíràn.

Ó pè mí kí ọjọ́ náà tó ṣú. Wọ́n sọ yàrá 36 di 25 láìsí ìtanràn. Wọ́n yọ resort fee kúrò fún gbogbo ẹgbẹ́ wa. Wọ́n fún ọkọ̀ méjì ní páàkì ọ̀fẹ́. Yàrá wá sí 169 ó dín díẹ̀, tòun ti owó orí. Èmi fúnra mi ń pariwo nínú ọ́fíìsì.

Mo sáré padà lọ bá ìdílé mẹ́ta tó yọ ara wọn kúrò ní May. Mo rò pé wọn yóò fò fún ayọ̀. Ìdílé kan ti sanwó Cancún. Ìkejì kò dá mi lóhùn. Ọkọ ní ìdílé kẹta, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í báni jà, sọ fún mi pé: "Ẹ sọ 149, ẹ sọ 225, ẹ tún wá sọ 169. Ewo ni kí á gbà gbọ́?"

N kò rí èsì kankan fún un. Títí di òní, bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó ń ṣe Las Vegas, ìbéèrè ọkùnrin yẹn ni mo máa ń rántí. Owó tó wálẹ̀ kò mú ẹnikẹ́ni padà. Ìlú náà ń ṣe ohun tí èmi ṣe, lórí ìwọ̀n tó tóbi ju tèmi lọ.

Wàhálà gbọ̀ngàn òde kò pẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì ní a kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọlé láti ìta, iye oúnjẹ àti ọtí tí a gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ wọn sì ga débi tí ọlọ́jọ́ìbí fi ní kí n tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ṣe ọgọ́ta láìsí òfadà?" A gba gbọ̀ngàn kan ní ogún ìṣẹ́jú sí Strip, a sì rí alásè Yorùbá kan tó ń gbé níbẹ̀. Kò tó ìdajì ohun tí à bá san.

Ọjọ́ mẹ́ta náà

A dé ní Thursday. Ní pápákọ̀ òfurufú Harry Reid, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kí yín kí ẹ tó rí ẹrù yín. Awakọ̀ tákísí tó gbé mi jẹ́ ọmọ Ethiopia, wọ́n pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ó ní ìlà tí òun ń dúró sí kí òun tó rí èrò ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó ọwọ́ tí àwọn àlejò ń fi sílẹ̀ fún òun sì ti ń súnkì. Ó ní, "Wọ́n ti náwó náà tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Lára àwọn tó ti London wá, ìyá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra, abẹ́rẹ́ insulin wọn gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Wọ́n ṣí fíríìjì kékeré inú yàrá, ó kún fún ọtí àti ṣokoléètì, wọ́n kó mẹ́rin kúrò, wọ́n tò ó dáadáa sórí tábìlì, wọ́n sì fi oògùn wọn síbẹ̀. Wọn kò ṣí ọ̀kankan. Láàárọ̀ Saturday, owó nǹkan mẹ́rin ti wà lórí ìwé yàrá wọn, ó lé ní ọgọ́rin dọ́là. Fíríìjì náà mọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé nǹkan kúrò lórí rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé wọ́n ti rà á.

Mo tò fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ tó wà ní káńtà kò jiyàn rárá. Ó tẹ nǹkan méjì lórí kọ̀ǹpútà, ó yọ ọ́. Ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn ń yọ irú rẹ̀. Mo padà lọ bẹ Mọ́mì, mo ní kí wọ́n má bínú, owó náà ti kúrò. Wọ́n nawọ́ sí ìgò omi kan lórí tábìlì tó ní páálí iye owó lọ́rùn.

"Nílé bàbá mi, bí àlejò bá dé, omi la fi ń pàdé ẹ̀. Àwọn èyí gbé omi kalẹ̀, wọ́n wá so owó mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣé àlejò ni mo jẹ́ níbí ni, àbí ẹran ìgbẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti yí gbogbo wọn ká kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n ti yọ owó náà.

Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ràn káàdì blackjack. Kì í ṣe aláṣejù. Ó máa ń ya dọ́là 300 sọ́tọ̀, bí ó bá tán, ó tán. Ó jókòó sí tábìlì kan ní Friday, ó dìde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo bi í pé kí ló dé. Ó fi pẹ́ńsù yà á fún mi sórí bébà ìnuwọ́. Ní 2015, ẹni tó fi dọ́là 25 ta, tí blackjack, ìyẹn káàdì méjì àkọ́kọ́ tó pé 21, sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ìdá mẹ́ta lórí méjì ni wọ́n ń san: 37 dọ́là àti ààbọ̀. Tábìlì tó jókòó sí yìí ń san mẹ́fà lórí márùn-ún: ọgbọ̀n dọ́là péré. Wọ́n kọ ọ́ sórí aṣọ tábìlì náà wẹ́wẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní rí i. Ó ní àǹfààní ilé tẹ́tẹ́ ti fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ariwo. Rúlẹ́ẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ onínọ́mbà tí wọ́n ń yí, náà ńkọ́? Èyí tó ní òdo kan, ìdá 2.70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ilé ń mú. Olódo méjì, 5.26. Àwọn kan lórí Strip ti wá ní òdo mẹ́ta: 7.69.

"Wọ́n ti ń jẹ mí tẹ́lẹ̀, mo mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣe é bí ọmọlúàbí."

Ó lọ sí Fremont Street ní ìlú àtijọ́, ó rí tábìlì tó ṣì ń san mẹ́ta lórí méjì, ibẹ̀ ló wà títí di aago méjì òru. Ó pàdánù gbogbo 300 rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí wé ti àwọn ọ̀dọ́. Àwọn mọ́kànlá nínú wọn lọ sí Sphere, ilé róbótó ràgàjì tó ṣí ní September 2023, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ iná àti àwòrán. Tíkẹ́ẹ̀tì lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kùn. Wọ́n ti rí iye rẹ̀ láti ilé, wọ́n ti gbà, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n sanwó fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Las Vegas ti wọ́n jù ni ó ń lé èèyàn, ẹ ro ọ̀rọ̀ Sphere yìí mọ́ ti ìgò omi yẹn. Ọgọ́rùn-ún dọ́là kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Omi ló bí wọn nínú.

Lálẹ́ Friday yẹn kan náà, ọlọ́jọ́ìbí fẹ́ fi òkè ayọnáyèéfín Mirage han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ti gbàgbé láti sọ fún un. Mirage, tó ṣí ní 1989, ti tilẹ̀kùn ní 17 July 2024. Òtẹ́ẹ̀lì tó dà bí gìtá ni Hard Rock ń kọ́ sí ibi tí òkè náà wà. A bá ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé àti kéréènì. Ó mú fóònù jáde, ó fi fọ́tò 2015 hàn wọ́n, òun àti ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ iyùn, iná lẹ́yìn wọn. Ọmọ tó kéré jù bi í pé ta ló pa iná náà. Ó ṣe hùn, ó sì ní ká máa lọ wo omi tó ń jó níwájú òtẹ́ẹ̀lì Bellagio, èyí tí ó ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 1998.

Òde ọjọ́ Saturday dára. Òfadà tó, àwọn èèyàn náwó fún olóde títí owó fi bo ilẹ̀ gbọ̀ngàn, a pè Ìjẹ̀bú-Òde lórí fídíò kí ẹ̀gbọ́n lè gbàdúrà, gbogbo wa sì wó lulẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Ẹ kíyè sí i pé kò sí dọ́là kan nínú owó òde náà tó bọ́ sápò òtẹ́ẹ̀lì. Ní Sunday, a kó wọn lọ sí Hoover Dam, ìsédò ńlá tó wà nítòsí ìlú náà. Nígbà tí mo bi wọ́n nínú ọkọ̀ pé kí ló dùn mọ́ wọn jù, Hoover Dam àti gbọ̀ngàn ni wọ́n dárúkọ jù lọ.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀

N kò gbà pé ìlú náà ń kú. Wọ́n ti sin ín rí tó sì dìde. Ní 2020, ilé tẹ́tẹ́ ibẹ̀ wà ní títì fún ọjọ́ 78, àlejò ọdún náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 lọ. Ní 2024, wọ́n ti padà dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 41.7, ilé tẹ́tẹ́ Nevada sì pa owó tí wọn kò pa rí, dọ́là bílíọ̀nù 15.6. Ti 2025 wálẹ̀ sí nǹkan bí 38.5 mílíọ̀nù. Ìyẹn burú, ṣùgbọ́n kò tíì dà bí ti Atlantic City, níbi tí ilé tẹ́tẹ́ mẹ́rin ti tilẹ̀kùn láàárín ọdún kan ṣoṣo, 2014. Àwọn olówó ńlá ṣì ń bọ̀, àwọn tó ń ṣe ìpàdé iṣẹ́ ṣì ń bọ̀. Ẹni tó ń fà sẹ́yìn ni irú oníbàárà tèmi: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, awakọ̀, ẹni tó fowó pamọ́ fún ọdún kan kó tó wá jẹ̀gbádùn ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó pa èènì kò ṣòro láti rí. Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ohun tó ń bọ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì Strip mọ́ bíi ti àtijọ́. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún wọn báyìí. Yàrá, oúnjẹ, ọtí àti eré ló kó ìyókù. Bí yàrá bá ti di ọjà fúnra rẹ̀, kò lè jẹ́ ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀ mọ́. MGM Resorts, ilé-iṣẹ́ tó ń darí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lórí Strip, bẹ̀rẹ̀ sí gba owó páàkì ní 2016, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àbùyó tí wọ́n tì ní 2020 kò ṣí mọ́. Ọ̀gá ìṣirò kọ̀ọ̀kan rí èrè ní ẹ̀ka tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀ka kankan tí wọ́n yàn láti ka iye ìyá tó bínú lórí ìgò omi. Ní òpin October 2025, Bill Hornbuckle, ọ̀gá àgbà MGM, fi ẹnu ara rẹ̀ gbà níwájú àwọn olùdókòwò pé àwọn ṣe àṣìṣe lórí iye tí àwọn ń ta omi àti kọfí. Ó jọ pé ẹnì kan ti ń kà á báyìí.

Lẹ́yìn náà, tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ kò jìnnà sílé mọ́. Láti May 2018 tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, orí fóònù ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún ún ní Houston, Lake Charles ní Louisiana ni yóò wakọ̀ lọ, kò tó wákàtí mẹ́ta, páàkì sì jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ti yí padà níbi mélòó kan. Káàdì ìpè kan kì í jáde lọ́dọ̀ mi mọ́ láìjẹ́ pé iye tó wà níbẹ̀ ni iye tí èèyàn yóò san nígbà tó bá ń jáde ní òtẹ́ẹ̀lì, bí iye náà tilẹ̀ ń dẹ́rù bani. Èmi náà ti pàdánù òde méjì nítorí rẹ̀, n kò bínú. N kì í ka ẹni tí kò tíì ní físà mọ́ yàrá tí a ó fọwọ́ sí. Láti 1 January 2026 tí Amẹ́ríkà ti dá físà ìbẹ̀wò dúró fún ọmọ Nàìjíríà, àti fún ti Benin pẹ̀lú, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra, ó ti di òfin nínú ọ́fíìsì mi. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún àdéhùn tó fàyè gba kí á dín yàrá kù lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ tó pé, bí wọ́n bá sì kọ̀, mo ń dúró de ìròyìn LVCVA tó kàn. Gbọ̀ngàn òde, n kì í wò ó nínú òtẹ́ẹ̀lì mọ́ rárá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo sì ń béèrè fún àwọn àgbàlagbà ni fíríìjì òfìfo. Òtẹ́ẹ̀lì ní in, wọn yóò gbé e wá bí èèyàn bá béèrè fún un, wọn kì í kàn sọ ọ́ ni.

Ní oṣù tó kọjá, òtẹ́ẹ̀lì náà kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní kò sí resort fee, kò sí owó páàkì, wọ́n tún fẹ́ fi owó oúnjẹ sí i fún ẹgbẹ́ tó bá gba yàrá ogún sókè. Ọkọ obìnrin yìí yóò pé àádọ́rin ní 2027, nítorí náà mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí obìnrin náà bí ó ṣe wà. Ó fi ohùn dá mi lóhùn lórí WhatsApp, Mọ́mì sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà nítorí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn tirẹ̀ kedere: "Fíríìjì ńkọ́?"